Omi Ọ̀sà fún Ẹja Delight

Ikúmápàyí kò bu omi létí bèbè. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ibi tí pàǹtírí Bàrígà ti ń léfòó, ó gba abẹ́ afárá ńlá tí mọ́tò ń kù lórí rẹ̀, títí ó fi dé ibi tí ọ̀sà ti fẹ̀, tí kò sí ariwo ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ ló ti ri kẹ́ẹ̀gì méjì bọ omi. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Òjò ti bu omi là á. Omi ààyè ni.

"Delight," ó ní, bí ẹni pé ọmọ náà jókòó síwájú ọkọ̀, "èyí ni wọ́n ń pè lómi."

Kò sẹ́ni tó jókòó síwájú ọkọ̀. Delight ti kú láti ìgbà ọdún Àjíǹde, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí bíréèkì rẹ̀ já lọ bá a létí títì Pedro, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé bọ̀ láti Bajulaiye. Òun nìkan ni Ikúmápàyí àti Sabina bí. Àwọn tó wá kí wọn ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Sabina, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tipẹ́, ń wò wọ́n lẹ́nu títí wọ́n fi gbàdúrà parí. Agbè wo? Láti ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ kò pè é ní Ìyá Delight mọ́. Sabina ló ń pè é, bí ìgbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra sọ́nà.

Ohun tí ọmọ náà fi sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ kò pọ̀: aṣọ, bàtà, àti àpótí gíláàsì gbàgàdà kan tí ẹja márùn-ún ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Dískọ́ọ̀sì ló ń pè wọ́n. Wọ́n rí pẹrẹsẹ, wọ́n rí róbótó bí ọmọrí ìkòkò. Òmíràn pupa bí osùn, òmíràn ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé wọn wálé, bàbá rẹ̀ bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń sè é. Delight rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í jẹ ẹ́, wíwò ni wọ́n ń wò ó. Ha! Láti Ùgbò títí dé Bàrígà, ta ló gbọ́ ọ rí nínú ìran Ìlàjẹ, pé ọmọ apẹja lọ ra ẹja, ó wá ń wò ó? Ó tún ń gé ọkàn màlúù wẹ́wẹ́ fún wọn. Ẹja ń jẹ ẹran, bàbá onílé ń mu gàrí. Gbogbo etí omi ni Ikúmápàyí fi ọ̀rọ̀ náà pa lẹ́rìn-ín, Delight náà sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilé ti dá, orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà ni bàbá ń jókòó sí, tó ń wo ẹja. Bó bá tẹjú mọ́ gíláàsì, wọn a wá dúró níwájú rẹ̀, wọn a máa wò ó. Ẹja tó ti mú láyé rẹ̀ kò lóǹkà. Èyí tó wo òun lójú báyìí kò sí.

Dọlápọ̀ ló ń bá wọn tọ́jú wọn. Òun ni ìyàwó àfẹ́sọ́nà Delight, tíṣà ni ní Akoka, wọn ìbá sì ṣe ìgbéyàwó ní Kérésì tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin náà kò fà sẹ́yìn. Gbogbo Sátidé ló ń wá pààrọ̀ omi. Ó kọ́ Ikúmápàyí pé ẹja wọ̀nyí kì í fẹ́ òtútù, pé omi wọn gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun, pé bí ara wọn bá dúdú, àìlera ti dé. Ara wọn sì ti ń dúdú. Tíráńsífọ́mà àdúgbò ti jó, híta tó ń mú omi wọn gbóná kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹja márààrún sì kó ara wọn jọ sí kọ̀rọ̀ kan bí ẹni tí òjò ká mọ́ta. Ni wọ́n bá fẹnu kò sí i pé kí Dọlápọ̀ kó wọn lọ sílé rẹ̀, níbi tí iná sólà wà. Ó pè lórí fóònù lálẹ́ àná.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ omi wọn díẹ̀ láàárọ̀, kára wọn lè le kí n tó gbé wọn. Ọ̀sán ni mo máa dé."

Kò sọ omi wo. Ó rò pé bàbá mọ̀. Omi ẹ̀rọ wà nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé, èyí tí Delight máa ń jẹ́ kó sinmi kó tó fún wọn. Ikúmápàyí ti ṣí i wò. Kò rùn, kò ní adùn, kò sí kòkòrò kan tó ń rìn nínú rẹ̀. Òkú omi! Ọmọ Ìlàjẹ wo ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbé ẹja ọ̀bọ̀kún láàyè lọ sọ́jà, omi tó ti mú un ni yóò fi gbé e? Bu omi ilé sí i, kó o tó dé ọjà, ó ti kú. Ìdí nìyí tó fi jí gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ̀, tó wà á lọ sójú ọ̀sà.

Nígbà tó dé, Sabina ti dá iná sí ààrò tó fi ń yan ẹja. Ó sọ fún un pé òun fẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Obìnrin náà dà á sínú ìkòkò. Ó gbé e kaná, nígbà tó ṣe, ó ki ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́, ó dúró, ó tún kì í bọ̀ ọ́.

"Ó ti tó," ó ní.

Wọ́n dà á padà sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n jọ gbé e wọlé, wọ́n rọra ń dà á. Kẹ́ẹ̀gì kìíní lọ, èkejì tẹ̀ lé e. Ẹja ta sókè! Wọ́n jáde ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń yí àpótí po, wọ́n ń sáré. Ikúmápàyí pàtẹ́wọ́.

"Sabina, wò wọ́n! Ilé ni wọ́n gbúròó yẹn!"

Ó rẹ́rìn-ín. Sabina náà fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan lọ sókè omi, tó ń mí gúlegúle. Nǹkan funfun bí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí bó lára rẹ̀. Òmíràn fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ikúmápàyí mọ ohun tó ń rí, ó ti ń rí i nínú ọkọ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n kò tíì rí i rí kí ó máa bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí Dọlápọ̀ wọlé pẹ̀lú ike olómọrí tó fẹ́ fi kó wọn. Ó gbóòórùn yàrá. Ó dúró.

"Bàbá, omi wo lẹ dà sí i?"

"Omi ọ̀sà ni, ìyàwó mi. Omi gidi. Àárín gbùngbùn ni mo ti bù ú."

 Dọlápọ̀ ká apá aṣọ rẹ̀, ó sáré sẹ́yìnkùlé, ó ń fi báàkẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi dúrọ́ọ̀mù wá, Sabina ń bu ti ọ̀sà dànù, Ikúmápàyí dúró láàárín wọn bí àlejò.

"Wọn ò mọ ọ̀sà, Bàbá," Dọlápọ̀ ní. "Inú gíláàsì ni wọ́n bí wọn sí. Iyọ̀ ibẹ̀, ìdọ̀tí ibẹ̀, ara wọn ò gbà á."

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí márààrún fi kú. Èyí tó pupa ló kẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ Dọlápọ̀ ló kú sí.

"Èmi ni mo pa wọ́n," Ikúmápàyí wí.

"Àwa méjèèjì ni," Sabina dáhùn.

Ó ti gbé atẹ́ tó fi ń yan ẹja wá, torí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń kó ẹja sí nínú ilé náà. Ìka rẹ̀ lọ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja pupa náà níbi tí wọ́n ti ń fà á ya, kó tó rántí, ó sì fọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo atẹ́. Kí ni wọ́n ń ṣe sí òkú ẹja tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ?

Ikúmápàyí mú ọkọ́, ó jáde lọ sí ìdí ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì tẹ̀ lé e. Ó ń gbẹ́lẹ̀. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, òun rèé tó ń sin ẹja ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n sin Delight fúnra rẹ̀, ilé ni àwọn àgbà mú òun àti Sabina jókòó sí, torí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n gbé e lọ fún wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ bèèrè. Dọlápọ̀ lọ, àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ Delight lọ. Àwọn tó bí i ń gbọ́ orin láti inú yàrá.

Ọkọ́ kò tíì lọ jìnnà tí omi fi sun nínú ihò. Bàrígà nìyẹn; ilẹ̀ etí ọ̀sà ni. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbẹ́ òmíràn. Omi tún sun. Ó dúró, ó ń wo omi dúdú náà bó ṣe ń ga.

"Dọlápọ̀." Kò pè é ní ìyàwó. "Ibi tí ẹ gbé e sí. Ṣé omi wà níbẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà wo Sabina. Ó mọ̀ pé wọn kì í sọ ọ́. Sabina kò ní kó má sọ ọ́. Ó di atẹ́ mọ́ àyà.

"Kò sómi níbẹ̀, Bàbá," Dọlápọ̀ ní. "Orí òkè ni. Yanrìn ni. Ó gbẹ."

Ikúmápàyí kò mọ̀ pé ohun tó ti ń lé oorun kúrò lójú òun láti ìgbà Àjíǹde nìyẹn, àfi ìgbà tó gbọ́ èsì rẹ̀. Sabina rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún tí kò tíì sun rí jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ohùn ẹlòmíràn. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́, ó ní kí ọkọ òun sún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́n omi inú ihò náà dànù.