Ìyá Rẹ̀mí Pọn Kókó Tí Wọ́n Yọ Nínú Mi

Àdùkẹ́, àbúrò mi, jókòó, jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

Mo wà ní ọsibítù. Wọ́n ti yọ kókó jẹjẹrẹ náà kúrò nínú mi, ó wà nínú ìgò lórí yìnyín. Mo ti buwọ́ lùwé pé kí àwọn olùwádìí máa gbé e lọ, torí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Dókítà ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n tó bá fi lè móoru, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Ìgbà tí a máa wò, ìgò ti ṣófo. Ìyá Rẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó fi ogójì ọdún pè mí ní àgàn, ti pọn kókó náà. Ó dé e ní fìlà òtútù pupa, ó ń kì í ní oríkì ìdílé wọn.

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń móoru!"

"Ìyàwó, ṣé ọmọ kan ṣoṣo tí o bí fún wa ni o fẹ́ fi tọrẹ?"

Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Mo fa ọ̀já tú, mo gba kókó náà, mo ń tì í sínú ìgò. Kókó náà gbójú sókè, ó ní, "Màámi."

Mo jí.