Ọjọ́ tí Ìyá Yìn Mí

Ẹnu ìyá ọkọ mi mú ju àdá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní Idigny wá fẹ́ Barnabé ọmọ rẹ̀, "obìnrin yìí" ni orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó jí nílé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí i níkùn, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé mo dirun bí ẹni tó ń lọ síbi ijó.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbé ẹ̀kọ mímu fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó rẹ́rìn-ín, tó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀kọ rẹ dùn púpọ̀, o ṣeun," orí mi dàrú. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀.

Inú mi dùn. Ẹ má purọ́ fún ara yín, inú tiyín náà ì bá dùn. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n lọ ṣí àpótí aṣọ òun, kí n mú èyí tó bá wù mí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ń làágùn. Ó ń mí lemọ́lemọ́ bí ẹni tó ru iṣu bọ̀ láti oko. Mo wo ife ẹ̀kọ. Kò tíì fẹnu kàn án rárá.

Mo yíjú sí ọkọ mi. "Bàbá Raïssa, ara Ìyá ò yá o."

"Ara wọn ò yá, tí wọ́n ń yìn ẹ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn dókítà ti bá wa gé ìkanra kúrò níkùn wọn. Jẹ́ kí wọ́n sinmi o jàre."

Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ? Bí mo bá sì dákẹ́, yóò tún pè mí lọ́mọ rẹ̀. Mo jókòó. Ó tún pè mí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọkọ mi ń yìn mí," ni mo wí fún Gwladys, nọ́ọ̀sì tó wà níṣẹ́. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Gwladys ò rẹ́rìn-ín. "Wọn kì í yìn yín tẹ́lẹ̀?"

"Láéláé!"

Ó sáré bá mi wá. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Ìyá, ó wo àpò tí ìtọ̀ ń ro sí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan níbẹ̀. Ló bá figbe pe dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú ikùn, òun ló da orí Ìyá rú. Wọ́n tì í padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tí Ìyá tún lajú, ó wò mí, ó wo ife ọwọ́ mi. "Obìnrin yìí, omi gbígbóná lásán lo tún gbé wá?"

Barnabé fò sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi bú sẹ́kún. Ọkọ mi bi mí bóyá èébú yẹn ló dùn mí. Mo ní rárá. Mi ò mọ ẹni tí mò ń sunkún nítorí rẹ̀: ẹni tó padà dé ni, àbí ẹni tó lọ, tó pè mí lọ́mọ.