Aago Inú Àpò Ìwé Mi

Mo wà ní kíláàsì kẹrin nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jí aago ọwọ́ tíṣà wa. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò wò, ó jù ú sínú tèmi. Wọ́n lé mi. Bàbá wa ní olè kò nílò ìwé, ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀gbọ́n mi kàwé títí ó fi di ọ̀gá ilé ìwé, ó sì ń na ọmọ tó bá jalè. Ogójì ọdún, n kò fẹnu kan omi nílé rẹ̀.

Ìgbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú un, ẹ̀jẹ̀ tèmi nìkan ló bá tirẹ̀ mu.

"Sẹ́ẹ̀lì kan nínú mùdùnmúdùn egungun wọn ló ṣe àṣìṣe nígbà tó ń pín ara rẹ̀ sí méjì," ni dókítà wí. "Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró mọ́. Irú ara rẹ̀ ló ń bí lọ, wọn ò sì wúlò."

"Bíi mọ́ọ̀dù tó ti wọ́," ni mo wí. "Gbogbo búlọ́ọ̀kù tó bá tinú rẹ̀ jáde, wíwọ́ ni."

"Ẹ gbọ́n o! Níbo lẹ ti kàwé, sà?"

"Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi."

Dókítà ní oògùn ti tẹ àrùn náà rì fúngbà díẹ̀. Wọn yóò fún un ní èyí tó le jù, tí yóò pa búburú pa rere, kí wọ́n tó fa mùdùnmúdùn tèmi sí i lára. Kí n ṣáà fọwọ́ síwèé kíákíá.

Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ ọ̀rọ̀ aago yẹn lójú ọmọ yín, kí n fọwọ́ sí i."

"Aago wo?" Ó kọjú sí ògiri.

"Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́.

"Bàbá rẹ ni kó o bẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejìlélógún, mo bá ọmọ náà tó ń fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu, tí omi náà ń ṣàn padà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní bírò. Mo fọwọ́ síwèé, n kò béèrè nǹkan kan.

Dókítà wo ìwé náà, ó wo èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà láàárọ̀. "Àrùn náà ti padà dé, sà. Ó ti kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ara wọn ò sì lè gba oògùn mìíràn mọ́."

Bírò wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú kúrò lára ògiri, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Èmi ni mo jí aago yẹn," ó ní. "Èmi ni mo fi í sápò rẹ̀. Bàbá Kékeré rẹ kò jalè rí."