Rò-Ó-Kó-O-Tó-Lọ

Òkè kékeré kan wà ní ẹ̀yìn ọgbà ìgbafẹ́ kan, ojú irin méjì sì gun ún láti ìsàlẹ̀ dé orí. Ọkọ̀ kan wà lórí ojú irin kọ̀ọ̀kan. Okùn onírin kan ṣoṣo ló so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, ó gba orí kẹ̀kẹ́ ńlá kan kọjá lókè, nítorí náà bí ọ̀kan bá ń sọ̀ kalẹ̀, dandan ni kí èkejì máa gòkè. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí epo. Omi ló ń gbé e. Wọ́n fa omi odò kan wọ inú táǹkì lórí òkè, wọ́n sì ṣe ọwọ́ irin kan sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá fa ọwọ́ irin yìí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lókè, omi garawa kan á já sínú àgbá tó wà lábẹ́ ìjókòó. Bí ọkọ̀ náà bá dé ìsàlẹ̀, omi á dà nù.

Iye garawa tó yẹ, kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún wọn. Àwọn ọmọ tó wà lókè ló máa kígbe bi àwọn ti ìsàlẹ̀ pé mélòó ni wọ́n, ṣé àgbàlagbà kankan wà láàárín wọn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ọmọ kan tó garawa mẹ́ta, ó lè lé díẹ̀, ó lè dín díẹ̀. Bí omi bá kéré, ọkọ̀ ò ní mira. Bó bá pọ̀ jù, irin kan lábẹ́ ọkọ̀ á há mọ́ ojú irin, wọ́n á sì ní láti da díẹ̀ nù kí wọ́n tún ìṣirò wọn ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà fi ń pè é ní Rò-Ó-Kó-O-Tó-Lọ.

Ẹ̀gbọ́n ló ṣe é. Wẹ́dà ni, ìwé mẹ́fà ló kà. Kó tó jó irin kan mọ́ ìkejì, ó yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó sì wọn gbogbo ọmọ àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè bóyá ó fẹ́ tà wọ́n ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń di bíréèkì mú. Torí pé "Àbúrò" ni Ẹ̀gbọ́n máa ń ké pè é láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo ọgbà ló gba orúkọ náà mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọdé a sì máa pè é ní Àǹtí Àbúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ní ọdún tó kọjá, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n rọ. Láti ìgbà náà, orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ ló ń jókòó sí. Ìbéèrè méjì ló máa ń bi Àbúrò bó bá ti ibi iṣẹ́ dé: ìgbà mélòó ni ọkọ̀ lọ, àti pé ṣé àwọn ọmọ jà? Ìjà yẹn gan-an ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ò bá ti bá ara wọn jiyàn lórí iye garawa, kò ka ọjọ́ náà sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àbúrò sọ fún un pé ọmọbìnrin kan yarí, ó ní àbúrò òun ò lè tó garawa mẹ́ta láéláé, pé ẹnu ẹ̀ nìkan ló wúwo. Ẹ̀gbọ́n fi ìdajì ẹnu tó kù fún un rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Máníjà tuntun tó dé sí ọgbà náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀gá Kíákíá ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí gbólóhùn rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yẹn kì í bọ́ sí. Lọ́jọ́ kan, ó pe Àbúrò wọ ọ́fíìsì. Pátákó àwòrán ńlá kan fara ti ògiri níbẹ̀, wọn ò tíì tú ọ̀rá ara rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ Oníbàtà Pupa ni, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń wò nínú katúùnù láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé. Máníjà ṣàlàyé fún un pé ọgbà kejì ní òdìkejì ìlú ti gba ẹranko katúùnù mẹ́ta, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ó ní nígbà kan, bí àwọn òbí bá dé ẹnu géètì, wọ́n á béèrè pé kí ló wà níbí. Nísinsìnyí, ta ló wà níbí ni wọ́n ń béèrè.

Òkè Àbúrò nìkan ni wọ́n lè rí láti ẹnu géètì. Ibẹ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ yóò wà.

Àbúrò bẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún un pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣì wà láyé, pé ohun tó kù fún un nìyẹn. Máníjà fọwọ́ pa iwájú orí, ó ronú. Nígbà tó yá, ó ní kò burú. Ó ní ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn méjì láti ilé-iṣẹ́ tó ni Ọ̀kẹ́rẹ́ yóò wá jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Bí àwọn ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ bá ń padà sórí ìlà láti tún gùn ún, wọn á fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, wọn á wá ibòmíràn fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Bí wọn ò bá padà, ọ̀rọ̀ ti tán.

"Ṣùgbọ́n Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yá díẹ̀," ló sọ bí Àbúrò ṣe ń jáde. "Ìlà yín dà bí ìlà ilé ìwòsàn."

Ohun méjì ni máníjà sọ fún Àbúrò lọ́jọ́ náà. Kí àwọn ọmọ máa padà, ọwọ́ ò lè tún ìyẹn ṣe. Kí ọkọ̀ yá, ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ irin àti wáyà, òun ló sì bá a délé.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ronú, nígbà tó sì rí i, ó rẹ́rìn-ín lóun nìkan lábẹ́ ọkọ̀. Kí ló dé tí èèyàn á máa ṣírò omi? Ká ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà, ká sì tú bíréèkì. Ìgbà tí omi bá tó gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á sún. Bó bá ti sún ní ìwọ̀n ìka kan, á fa wáyà, wáyà á sì pa ẹnu omi dé. Kò ní kéré, kò sì ní pọ̀ jù láé. Wáyà ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ìdè irin kan péré ló ná an. Kò sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé àṣeyọrí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, bí ẹni gbé ẹ̀bùn wá fún un.

Onítíkẹ́ẹ̀tì, tí kì í jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi, rí i tó ń dán an wò ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, pé ilé-ìwé ni àwọn ọmọ ń sá fún wá síbí, Àǹtí Àbúrò á tún gbé wọn lé ìdánwò ìṣirò. Ó ní lónìí wọ́n ti gba họlidé.

Ní Sátidé náà, ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wáyà Àbúrò ò ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ á wọlé, omi á dà ṣọ̀ọ̀, ọkọ̀ á sún, ó di ìsàlẹ̀. Ìlà ò dúró. Àwọn ọmọ kan fa ọwọ́ irin, wọ́n rí i pé kò ṣe nǹkan kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, Àbúrò ṣàkíyèsí pé òun lè gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ orí òkè. Kò gbọ́ ọ rí lọ́jọ́ Sátidé, torí ariwo àwọn ọmọ. Ó rò pé gírísì rẹ̀ ló ti gbẹ.

Nírọ̀lẹ́, obìnrin tó wà lábẹ́ agboòrùn dá ọmọbìnrin kan dúró, ó bi í bóyá yóò tún gùn ún.

"Mo ti gùn ún," ni ọmọ náà dáhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tí Àbúrò délé, ó dúró síwájú àga Ẹ̀gbọ́n kó tó bọ́ bàtà.

"Ìgbà mélòó?"

"Ìgbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bó pọ̀ jù, ọkọ̀ náà kì í ju ìgbà ogún lọ lóòjọ́.

"Ṣé wọ́n jà?"

Àbúrò fẹ́ dáhùn. Ó rántí ìdákẹ́jẹ́ ọ̀sán yẹn.

"Wọn ò jà."

"Kí lo fi sí i?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í. Ọ̀rọ̀ ò tètè ń jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí jáde geere. Àbúrò ṣàlàyé wáyà náà fún un, ó fi ọwọ́ ṣe bó ṣe ń fà. Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí sílẹ̀ dé òpin. Ó ní iṣẹ́ náà mọ́, pé òun alára ì bá má ronú kàn án. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí fèrèsé, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tó ṣí géètì, Àbúrò gé wáyà náà. Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ bá máníjà. Ó sọ fún un pé ohun tí wọ́n wò ní Sátidé kì í ṣe ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n rárá, pé òun ló fọwọ́ ara òun yọ ọkàn rẹ̀, kí wọ́n fún òun ní Sátidé kan péré sí i. Máníjà ò bínú. Ó tiẹ̀ dìde fa àga fún un.

"Àǹtí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ yọ ìrònú kúrò nínú ẹ̀, ó sì ń lọ dáadáa. Kí lẹ wá fẹ́ kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ pé mo ṣe àṣìṣe."

"Àṣìṣe tó ṣiṣẹ́ nígbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta?"

Ó ní ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ràn bó ṣe yá. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà dára, kò kàn sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni, Ọ̀kẹ́rẹ́ ló sì máa kún un. Àbúrò wá gbogbo ọ̀nà tó lè gbà já ọ̀rọ̀ náà nírọ́, kò rí. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ṣe é, ì bá bá a jà. Àfọwọ́fà ni.

Àwọn tó wá de orí Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́ ọkọ̀ kò mọ ibi tí bóòtù wà. Àbúrò ló fi hàn wọ́n. Orí náà jẹ́ ti ike líle, ó wúwo ju ọmọ mẹ́fà lọ, ó sì da gbogbo ìwọ̀n Ẹ̀gbọ́n rú, nítorí náà wọ́n tú àgbá omi, wọ́n fi ẹ̀rọ oníná sídìí kẹ̀kẹ́ òkè, wọ́n sì fún Àbúrò ní bọ́tìnnì kan láti máa tẹ̀. Wọ́n fi pátákó irin bo ihò tí ọwọ́ irin wà. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ìlà dé ẹnu géètì. Àwọn ọmọ ń padà, wọ́n tún ń padà, wọ́n ń dì mọ́ imú Ọ̀kẹ́rẹ́ bí ẹni dì mọ́ ìyá rẹ̀. Àbúrò ò lè sọ pé inú wọn ò dùn. Àwọn ọmọ-ọmọ Ẹ̀gbọ́n wà lára wọn, àwọn mẹ́ta, wọ́n wọ ẹ̀wù Ọ̀kẹ́rẹ́.

Àwọn ni wọ́n ròyìn rẹ̀ délé. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n gbé òun lọ wò ó.

Kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni Àbúrò fi tì í dé ìdí òkè ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Onítíkẹ́ẹ̀tì tó rí wọn kò ṣàwàdà. Ó ní kí àwọn tó wà lórí ìlà jọ̀ọ́ kí wọ́n jẹ́ kí bàbá kọ́kọ́ gùn. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ọmọ mẹ́rin tí kò mọ̀ ọ́n sì wọlé tẹ̀ lé e. Ó jókòó, ó wo òkè, ó wo okùn onírin. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ó fi ìka tọ etí pátákó irin náà yípo, ó dúró lórí bóòtù kan, ó gbìyànjú rẹ̀ wò. Wọ́n ti dì í pa.

"Ṣé mélòó ló wà lókè?" ló bi ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà wò ó. "Mi ò mọ̀, Bàbá. Kí la fẹ́ fi ṣe?"

Ohùn Ọ̀kẹ́rẹ́ jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí àwọn ọ̀rẹ́ òun di irin mú dáadáa. Àwọn ọmọ kígbe ayọ̀. Àbúrò dúró síwájú bọ́tìnnì rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Ó ń wo Ẹ̀gbọ́n, bóyá yóò sọ pé kí wọ́n gbé òun sọ̀ kalẹ̀. Ìlà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Obìnrin kan béèrè pé ṣé iná ti lọ ni.

"Tẹ̀ ẹ́, Àbúrò," ni Ẹ̀gbọ́n sọ. "Àwọn èèyàn ń dúró."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ gbéra láìjanpata, ó ń gun òkè lọ, Ẹ̀gbọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí Àbúrò láàárín àwọn ọmọ mẹ́rin, títí Àbúrò ò fi rí i mọ́ lẹ́yìn orí Ọ̀kẹ́rẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ kejì ti dúró níwájú rẹ̀, ó ti ṣófo, àwọn mìíràn sì ti ń wọlé.