Ọ̀sán Àbámẹ́ta Àwọn Awakùúta

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1897, nígbà tí aago kan ọ̀sán fi ogún ìṣẹ́jú kọjá, ni fèrè ìparí iṣẹ́ ní ibi ìwakùúta ìlú Pencoed kọ́kọ́ dún kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ogóje ọkùnrin gbé òòlù sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Thaddeus Hatch, ẹni tí ó ni ibi iṣẹ́ náà, gun orí ọmọlanke kan, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀sán Àbámẹ́ta di ti àwọn òṣìṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ìlú náà bá ń borí.

“Ọjọ́ tí ẹ bá pàdánù,” ni ó wí, “iṣẹ́ padà sí aago mẹ́fà nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá borí títí kan Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ní ìparí oṣù Kọkànlá, ọ̀sán Sátidé di tiyín pátápátá.”

Evan Prosser ni balógun ẹgbẹ́ náà. Òkúta pẹlẹbẹ tí a fi ń bo òrùlé ni ó ń là, òun náà ni ó sì ń ka Bíbélì sí etígbọ̀ọ́ ìjọ ní ọjọọjọ́ Ìsinmi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Hywel bàbá rẹ̀ ti lò nínú eruku òkúta, ikọ́ sì ti gba àyà rẹ̀. Ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, arúgbó náà gbé àga síta, ó kọjú sí oòrùn, ó sì sùn láìwúkọ́ rárá. Evan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù àtipàdánù ti ń bà á.

Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n jáde, ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n borí, kò sì sí ọ̀kan tí ó rọrùn nínú wọn. Ní ayé ìgbà náà, bí a bá di ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù mú, eré kì í dúró àfi bí òun alára bá fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé, “Ó tó.” Títí yóò fi wí bẹ́ẹ̀, àwọn alátakò lè máa wọ́ ọ sẹ́yìn, àwọn tirẹ̀ sì lè máa tì í síwájú. Ní Pencoed, ohun ìtìjú ni ọ̀rọ̀ méjì yìí. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Dai Rees, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, kọ̀, kò wí i. Eegun èjìká rẹ̀ sì kán.

“Dai,” ni awakùúta kan wí bí wọ́n ti ń gbé e kọjá, “ìyàwó ẹ láá máa bá ẹ wọ ẹ̀wù báyìí.”

“Kò burú,” ni Dai dáhùn. “Òun náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ Ó tó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Evan kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Gomer Bevan, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú wọn.

“Má fi ọrùn ẹ ṣeré o. Tí wọ́n bá ti dì ẹ́ mú pinpin, sọ ọ́.”

“Kí màmá mi gbọ́ pé èmi ni mo sọ ọ́? Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.”

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ dé, òtútù sì ti mú kí ilẹ̀ dì gbagidi. Àwọn àlejò láti Millard's Ford ti ní àmì méjì. Pencoed kò ní ọ̀kan. Bí Pencoed bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, àmì mẹ́rin ni yóò jẹ́ tiwọn. Hatch dúró lẹ́bàá okùn tí ó yí pápá ká, aago àpò rẹ̀ wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú kan. Ìgbìyànjú ìkẹyìn ni. Gomer gbé bọ́ọ̀lù, ó sáré, wọ́n sì dì í mú nígbà tí ìlà ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Evan ki èjìká bọ abẹ́ rẹ̀. Òkìtì ènìyàn náà dúró gbọn-in, kò lọ síwájú, kò rẹ̀yìn. Nígbà náà ni ẹnu Gomer kan etí Evan.

“Ó tó,” ni ó wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Evan gbọ́. Àwọn tí ń tì wọ́n lẹ́yìn kò gbọ́. Wọ́n tẹramọ́ ọn, gbogbo wọn sì ya lulẹ̀ sí òdìkejì ìlà.

Silas Trask, balógun àwọn àlejò, kọ́kọ́ dìde. “Ó sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ. Eré ti dúró kó tó débẹ̀.”

“Etí ẹ ló ń tàn ẹ́,” ni ẹnì kan wí lẹ́yìn okùn.

Rẹfirí náà, Lyman Coe, tí ó jẹ́ oníṣègùn eyín láti ìlú mìíràn, gbé ọwọ́ sókè. “Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Bevan, ṣé o sọ ọ́?”

Eyín méjì ti yọ lẹ́nu Gomer. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń tu ẹ̀jẹ̀.

Coe yíjú sí Evan. “Prosser, abẹ́ ẹ̀ lo wà. Ohun tó o bá sọ ni mo máa gbà.”

“Èmi náà fara mọ́ ọn,” ni Trask wí. “Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Kì í purọ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Evan lára ju ìgbátí lọ. Lẹ́bàá okùn, bàbá rẹ̀ fi aṣọ bo ẹnu kí ikọ́ má baà dí wọn lọ́wọ́. Èjìká arúgbó náà ń mì. Evan wo Hatch, ẹni tí ó gbé ìsinmi ogóje ọkùnrin ka orí bọ́ọ̀lù kan. Ó ro ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, nígbà tí yóò ṣí Bíbélì fún àwọn tí yóò gba ohùn rẹ̀ gbọ́. Orúkọ rere nìkan ni bàbá rẹ̀ ní láti fi sílẹ̀ fún un.

Ó gbé ojú sókè, ó sì wo Coe lójú.

“Kò sọ ọ́,” ni Evan wí.