Ẹni Tó Fọwọ́ Sí I

"Oníná, fọwọ́ sí i, ká ríbi lọ."

Ọ̀gá ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì, ó tún bá mi ṣí ìdérí bírò. Mi ò mú bírò. Àpótí ìtanná tuntun tí ìwé náà ní kò léwu wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán. Ìwé pélébé kan wà lára rẹ̀ láàárọ̀, tó ní agbára rẹ̀ bá àtùpà wa mu. Mo fi èékánná họ ọ́ kúrò, mo sì bá òmíràn lábẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣe àpótí náà lẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ṣe é láti máa fi gba iná sí bátìrì ọkọ̀ ńlá.

"Kò bá àtùpà wa mu, sà," ni mo wí.

"Ṣebí iná náà ni iná?"

Mo tún ṣàlàyé fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbọ́ ọ rí. Páálí ni iléeṣẹ́ wa ń tẹ̀, àtùpà ńlá kan ló sì ń gbẹ yíǹkì ara wọn. Nínú dígí àtùpà náà, ṣóńṣó irin méjì kọjú síra wọn, iná á máa fò láàárín wọn. Kí iná tó fò lákọ̀ọ́kọ́, àpótí gbọ́dọ̀ fi agbára ńlá tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá ti fò tán, àtùpà di wọ̀bìà nìyẹn. Iye iná tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò mu, títí dígí yóò fi bẹ́. Iṣẹ́ àpótí gidi ni láti dì í lọ́wọ́ mú, èyí tó wà nílẹ̀ yìí kò sì mọ ìdímú kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ẹ̀rọ ìwọ̀n dán an wò. Àádọ́rin ámpù ló yẹ kó dúró sí, ó kọjá ọgọ́fà, ó ṣì ń lọ.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Fíríìjì tí wọ́n gbé wá sílé yín ńkọ́? Ṣé ó ń mú omi tutù dáadáa?"

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni màmá mi sọ fún mi pé àwọn ará ibi iṣẹ́ mi gbé fíríìjì wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo sì rò pé ó ti kàn mí ni. Mo tilẹ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, mo ṣàdúrà fún un. Òun náà ṣe àmín, kò bèèrè ìdí ọpẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ti ju èje lọ: ẹni tó ta àpótí fún Ọ̀gá ló fi fíríìjì náà ránṣẹ́, kí n lè fọwọ́ sí ìwé yìí. Ojú tì mí. Lẹ́yìn náà inú bí mi, ìbínú yẹn ni kò sì lọ mọ́.

"Màá dá a padà, sà," ni mo wí. "Mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Èmi á fọwọ́ sí i nígbà náà." Ó fọwọ́ sí i lóòótọ́, ó fa ìlà gígùn sábẹ́ orúkọ rẹ̀. "Ọmọbìnrin yẹn á tàn án lọ́sàn-án yìí."

Ọmọ Bàbá Dígí ló ń sọ. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, irú àpótí báyìí àti irú ìlà gígùn báyìí ni wọ́n gbé wá, bàbá ọmọ náà ló sì wà nídìí àtùpà nígbà tí dígí bẹ́. Ojú ọ̀tún lọ pátápátá, tòsì ń rí òjìji lásán. Iléeṣẹ́ fún un ní ìwé ìdúpẹ́ nínú férémù, wọ́n sì gbé ẹni tí kò ríran lọ sẹ́nu géètì pé kó máa ṣọ́ àwọn tó ń wọlé. Wọ́n wá gba ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sípò rẹ̀ nídìí àtùpà. Àánú ni wọ́n pe ìyẹn. Lọ́sẹ̀ tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwa òṣìṣẹ́ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ẹ̀yìn àtùpà pé: ẸNI TÓ FỌWỌ́ SÍ I NI YÓÒ TÀN ÁN. Ojoojúmọ́ ni Ọ̀gá ń kọjá níwájú rẹ̀. Bóyá ó rò pé a fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Mo mú ìwé náà lórí tábìlì, mo lọ lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ pupa yẹn.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọṣẹ́ ẹni tó ta àpótí so wáyà mọ́ àtùpà. Ó ní òun ń lọ gba ìpè lórí fóònù níta, kò padà wá mọ́.

"Tàn án," ni Ọ̀gá wí láti ẹ̀yìn.

Ọmọ Bàbá Dígí ti fi ìbòjú bojú. Ó na ọwọ́ síbi ìtanná. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bo ibẹ̀ kó tó débẹ̀.

"Ọwọ́ yín ló wà, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."

"Ṣé èmi ni òṣìṣẹ́ ìdí àtùpà ni?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kò léwu."

Àwọn ẹ̀rọ yòókù ń dákẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ ẹni tó lọ pe Bàbá Dígí, àmọ́ mo rí i tó ń fọwọ́ ra ògiri bọ̀, ìbòjú àtijọ́ rẹ̀ wà lábíyá. Ó na ìbòjú náà síbi tó ti gbọ́ ohùn Ọ̀gá.

"Ẹ gbà á, Ọ̀gá. Ihò ara ẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ."

"Bàbá, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín."

"Ẹni tí wọ́n fi orí ẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Mi ò sì bèèrè àgbọn. Mo ní kẹ́ ẹ má fi ti ọmọ mi kún un ni."

Ọ̀gá wo ìbòjú, ó wo àpótí, ó wo gbogbo wa. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó tún fi èkejì, títí ó fi kọjá ìlà yẹ́lò ilẹ̀ tí a máa ń ní kí àlejò dúró sí.

"Oníná, mú ìwé yẹn wá."

"Ó ti wà lára ògiri, sà. Gọ́ọ̀mù páálí ni mo fi lẹ̀ ẹ́."

Gbogbo wa la mọ gọ́ọ̀mù yẹn. Ògiri á kọ́kọ́ ṣí kí ó tó ṣí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo háyà ọkọ̀, mo sì gbé fíríìjì lọ síwájú ọ́fíìsì Ọ̀gá. Màmá mi ti kó ìgò omi rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó ní òun kò fi ìyẹn tọrẹ. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ti mú ìwé wá fún mi pé wọ́n lé mi níṣẹ́ nítorí àfojúdi. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé mo ti gbà á. Ìyẹn ni mo fọwọ́ sí.

Ọmọ Bàbá Dígí máa ń yà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ ìsinmi. Ó ní àtùpà náà kò tíì tàn. Ọ̀gá ti pe ènìyàn mẹ́rin sí ìdí rẹ̀ láti ìgbà náà, ọmọ náà ló sì kọ́kọ́ pè. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ka ògiri tán, ó bọ́ ìbòjú, ó sì nà án sí Ọ̀gá.