Ó Ti Sinmi

Gbogbo àga gbọọrọ tí àwọn ará ìjọ fi ń jókòó gbọ́ ìwàásù, Bàbá Káfíńtà ló kàn wọ́n. Kò sí ọ̀kan tó ń mì lábẹ́ ẹni tó bá jókòó lé e, bó ti wù kí onítọ̀hún sanra tó. Ṣùgbọ́n fún oṣù méje tí jẹjẹrẹ ti dá bàbá dùbúlẹ̀, nínú gbogbo ìdí tó ń gbádùn àga wọ̀nyẹn, kò sí ẹyọ kan tó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Àdúrà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. "Màmá, à ń rántí bàbá nínú àdúrà o!" Bí wọ́n ṣe ń kí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, wọ́n á sì kọjá wéré. Òun náà á ní ẹ ṣeun. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n kì í bá ni yí aláìsàn padà lórí ibùsùn.

Bàbá fúnra rẹ̀ ò fẹ́ ju ẹnì kan lọ. Ó fẹ́ fojú kan Olórí Akọrin kí ikú tó dé. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni wọ́n kó tó di pé wọ́n jà lórí ibi tí wọ́n máa to àga akọrin sí, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Ní àràárọ̀, bàbá á béèrè pé, "Ṣé ó ti dé?" Ìyá á ní, "Ó ń bọ̀." Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ìyá ti ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà.

Lọ́jọ́rú kan, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ìrora ò jẹ́ kí bàbá pajú dé, oorun gbé e lọ. Ìyá rọra fa ilẹ̀kùn, kò tì í tán. Ni fóònù bá dún. Akọ̀wé ìjọ ni, ó fẹ́ mọ ìdí tí ìyá ò fi wá gbá ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá ńkọ́, màmá?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ mi. Ó ti sinmi. Ìyà ọ̀hún ti pọ̀ jù."

Nígbà tí akọ̀wé máa fèsì, ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀. "Olúwa á tù yín nínú, màmá."

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá ìyá sọ̀rọ̀. Ó ṣe àmín tọkàntọkàn, kò fura.

Kó tó di ọ̀sán, ilé kún. Àwọn obìnrin ń gbálẹ̀, wọ́n ń fọṣọ, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àwọn ọkùnrin ń to àga síwájú ilé. Inú ìyá dùn débi pé ó bú sẹ́kún, wọ́n sì ń gbá a mọ́ra, wọ́n ní kó mọ́kàn le. Ó rò pé Ọlọ́run ló fọwọ́ tọ́ wọn lọ́kàn.

Ìgbà náà ni Olórí Akọrin wọlé. Ó ṣí fìlà, ó wó lulẹ̀ ní pálọ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo jẹ̀bi! Èé ṣe tí o ò dúró dè mí?"

Láti inú yàrá, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan dáhùn.

"Mo ṣì ń dúró."

Ẹni tó máa pariwo Jésù pariwo, ẹni tó máa sá sá.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ó ti sinmi!" Akọ̀wé ló ń jágbe bẹ́ẹ̀.

"Oorun ni mo wí," ni ìyá dáhùn.

Olórí Akọrin dìde. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín òun àti ilẹ̀kùn yàrá, ṣùgbọ́n ojú tì í. Òkú ló rò pé òun ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ti òkú rọrùn. "Ẹ bá mi sọ fún un pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi," ó wí, ó sì dé fìlà rẹ̀. Àwọn yòókù kó àga wọn tẹ̀ lé e.

Bàbá ò sùn mọ́. "Mo gbọ́ ohùn rẹ̀," ó ń wí ṣáá, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Láàárọ̀ Sátidé, ó kú, ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Inú bí ìyá ju bí inú rẹ̀ ṣe bàjẹ́ lọ. Ó pe akọ̀wé. "Bàbá ti kú."

"Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ó kú lóòótọ́ ni, àbí ó sùn? Kí n má tún lọ dààmú àwọn ènìyàn lásán."

Ìyá wo àga kékeré tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn láti oṣù méje, tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé.

"Bó bá jẹ́ pé ó sùn ni, ṣé ẹ máa wá?"